Ẹ kọ ìṣètò ìkànnì ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé



Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wo ló wà lókè òkun tí kì í kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀? Bó ti wù kí ẹgbẹ́ náà kéré tó, akọ̀wé wà, ìwé wà, bírò wà. Ta ló wá, ta ni kò wá, èló la dá, kí la fẹnu kò sí: gbogbo rẹ̀ ni akọ̀wé ń kọ. Bí ìpàdé tó ń bọ̀ bá dé, wọn á kà á sókè, ẹnìkan á ní kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa dìde kó sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó wà nínú orí Bọ̀dá Akọ̀wé, wọn ò lè gbàgbé."

Ẹgbẹ́ kan náà yìí á wá ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní sí ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe tò ó. Orí ẹnìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni yẹn sì níṣẹ́ tirẹ̀, ó lọ́mọ, ó lè kó lọ sí ìlú mìíràn, ara rẹ̀ sì lè má yá nígbà mìíràn. Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé."

Iṣẹ́ sọ́fítíwìà ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbé èrò mi kalẹ̀ láìfi bọpobọyọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́, ìjọ àti kíláàsì èdè tó ní ìkànnì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ènìyàn méjì, ó kéré tán, tó lè fi àṣẹ kíkọ darí ìkànnì náà. Kí wọ́n sì ní fáìlì kan tí àwọn àṣẹ náà wà lákọọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Iṣẹ́ ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà nìyẹn, kò kàn wá." Ó kàn yín o. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin ná.

Kí ni a ń tò gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi WordPress ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo máa ń bá pàdé jù lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wa. Ọdún 2003 ni Matt Mullenweg, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Mike Little, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e jáde. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé e sórí sáfà tó bá háyà.

Ẹ fojú inú wo yàrá kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí kò ní nǹkan kan ju ilẹ̀kùn, fèrèsé àti iná lọ. Ẹ lè sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì, àga àti sítóòfù, ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni WordPress rí. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́ọ̀mù tí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun á fi forúkọ sílẹ̀, ẹ máa fi nǹkan kún un. Bí ẹ bá fẹ́ máa gba owó ẹgbẹ́ níbẹ̀, ẹ máa fi òmíràn kún un. Kàlẹ́ńdà ìpàdé ńkọ́? Òmíràn. Àwòrán ìgbéyàwó àti òkú àgbà ńkọ́? Òmíràn. Àwọn ohun tí ẹ ń gbé wọlé wọ̀nyí ni àwa oníkọ̀ǹpútà ń pè ní plugin. Àfikún ni n ó máa pè é níbí. Àwọn ọ̀fẹ́ tó wà nínú àkójọ WordPress fúnra rẹ̀ nìkan ti lé ní 50,000.

Yàtọ̀ sí àfikún, ìṣètò tún wà. Fáìlì kan ń jẹ́ wp-config.php. Inú rẹ̀ ni orúkọ dátábéèsì wà, pẹ̀lú password rẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ mẹ́jọ tó ń dáàbò bo àwọn tó bá wọlé. Àwọn ìṣètò mìíràn wà nínú dátábéèsì: orúkọ ìkànnì, email alábòójútó, èdè ìkànnì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì la lè gbà tún àwọn nǹkan wọ̀nyí tò. Èkíní ni ojú ewé alábòójútó, níbi tí ẹ ti máa fi máòsì tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Èkejì ni fèrèsé dúdú kan tí kò ní àwòrán. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà á sì fèsì. Ìlà àṣẹ ni à ń pè é. Irinṣẹ́ tó wà fún WordPress lórí ìlà àṣẹ ni WP-CLI. Ọdún 2011 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà, lẹ́tà méjì péré lẹ sì fi ń pè é: wp.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ má bẹ̀rù gírámà rẹ̀. Ó rọrùn ju tiwa lọ, kò sì ní àmì ohùn. Ẹ máa pe irinṣẹ́ náà, ẹ máa dárúkọ ohun tí ọ̀rọ̀ kàn, lẹ́yìn náà ẹ máa sọ ohun tí kó ṣe:

wp plugin list

Ìyẹn ni pé, "Wp, àwọn àfikún, tò wọ́n sílẹ̀ kí n rí wọn." Á fi tábìlì kékeré kan dá yín lóhùn: orúkọ àfikún kọ̀ọ̀kan, ipò tó wà, bóyá tuntun rẹ̀ ti jáde, àti nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló tún ṣe pàtàkì. Activate ni kí ẹ tan àfikún, bí ìgbà tí ẹ bá tan iná. Deactivate ni kí ẹ pa á. Pípa yìí kì í ṣe ti adìyẹ o, ti iná ni. Iná tí a pa ṣì wà lára ògiri. Delete ni kí ẹ yọ ọ́ dànù pátápátá. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yìí. Àfikún tí ẹ pa ṣì wà lórí sáfà pẹ̀lú gbogbo fáìlì rẹ̀. Bí àlébù bá wà nínú fáìlì náà, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba ibẹ̀ wọlé nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa á. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àfikún tí ẹ ò lò, ẹ yọ ọ́.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àṣẹ kíkọ ju máòsì lọ

Kì í ṣe torí pé ó máa ń yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yá. Kì í sì ṣe torí kí ojú yín lè dà bíi ti àwọn tó wà nínú fíìmù. Ìdí mi ni pé ohun tí a bá kọ ṣe é pa mọ́, ó sì ṣe é fi ránṣẹ́.

Ẹ wo bó ṣe ń rí bí ẹ bá fi máòsì ṣe é. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí kan, ẹ tẹ òmíràn. Ó ti parí. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí bọ́tìnnì tó jẹ́. Kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti júwe rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù, kí ẹ̀yin wà ní Toronto, kí àwọn wà ní Dublin:

"Ẹ wo apá òsì, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ lọ sókè díẹ̀."

"Òkè ibo? Tèmi ò rí bí tìẹ o."

Wọn ò parọ́. Ojú ewé náà lè yàtọ̀ gan-an sí tiyín, torí àfikún tó wà níbẹ̀, torí èdè tí wọ́n yàn, tàbí torí pé fóònù ni wọ́n fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan náà ni àṣẹ kan náà ń jẹ́, ní Toronto àti ní Dublin. Ẹ lè kọ ọ́ sórí WhatsApp, kí ẹ̀gbọ́n dà á kọ, kí èsì dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ kàn ṣọ́ra fún nǹkan kan: iPhone máa ń so àmì ìdánudúró kékeré méjì pọ̀ di ìlà gígùn kan. Àmì méjì yẹn, bó ṣe wà nínú --all, ni wp mọ̀. Bó bá di ìlà gígùn, kò ní yé e. Ẹ fi ojú wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ Enter.

Mo ti bá ẹgbẹ́ kan ṣe irú nǹkan báyìí rí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ìkànnì wọn kàn ṣàdédé di funfun ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe àpèjẹ ọdọọdún. Tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àdírẹ́sì gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rí nǹkan kan. Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà fún wọn ti kó lọ síbòmíràn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Nǹkan kan wà tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ẹ̀yà 5.2, tó jáde ní 2019, bí àfikún kan bá da ìkànnì rú, WordPress máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí alábòójútó, pẹ̀lú ọ̀nà tó lè gbà wọlé tún un ṣe. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lóòótọ́. Email ẹni tó ti lọ ló fi ránṣẹ́ sí.

A rí akápò tó ní ọ̀nà àtiwọ sáfà. Àwọn ni wọ́n ń san owó rẹ̀, torí náà orúkọ wọn ló wà níbẹ̀. Mo fi àṣẹ méjì ránṣẹ́ sí wọn. Àkọ́kọ́ tó wọn sílẹ̀, ká lè mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Èkejì pa gbogbo wọn:

wp plugin list --status=active --skip-plugins

wp plugin deactivate --all --skip-plugins

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ń sọ fún wp pé kó má ṣí àfikún kankan bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí èyí tó bàjẹ́ má bàa da òun náà rú. Ìkànnì padà wá. A wá ń tan àfikún lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá wáyà tó ń já iná ilé. Nígbà tí a tan èyí tó ń gbé àwòrán yípo, ìkànnì tún di funfun. A mọ olè wa. Akápò yìí ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, wọn ò sì kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n kàn mọ bí a ṣe ń da ọ̀rọ̀ kọ láìṣi lẹ́tà kan ni, bí akápò ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àṣẹ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù:

wp option get admin_email

"Email ta ni alábòójútó?" Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìkànnì ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Èsì rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu.

Ẹni tí ẹ gbà sílé ní 2015 lè ti tà ilé

Àfikún kì í ṣe ohun tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan tó parí. Ẹnìkan ló ń kọ ọ́, ẹni yẹn sì lè sú, ó lè tà á. Lọ́dún 2017, àfikún kan tó ń jẹ́ Display Widgets wà lórí ìkànnì bíi 200,000. Ẹni tó ni ín tà á. Ẹni tó rà á fi kóòdù ìkọ̀kọ̀ sínú ẹ̀yà tuntun, èyí tó ń fúnra rẹ̀ gbé ìpolówó ọjà sórí ìkànnì àwọn ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. WordPress yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó lé e lọ pátápátá. Àwọn tó ń lò ó kò ṣe nǹkan kan tó burú. Wọ́n kàn gba tuntun wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Àṣẹ kan wà tó ń fi àwọn fáìlì àfikún yín wé èyí tó wà lọ́dọ̀ WordPress fúnra rẹ̀, tó sì ń sọ èyí tí kò bá a mu:

wp plugin verify-checksums --all

Mi ò ní purọ́ fún yín. Àṣẹ yìí kò lè mú irú Display Widgets, torí pé inú àkójọ gan-an ni májèlé náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè wo àfikún tí ẹ fi owó rà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí olè kan bá wọ sáfà yín, tó sì fi ìlà kan kún fáìlì àfikún tó wá láti inú àkójọ, á tú u fó. Ní ti irú Display Widgets, ohun tó lè gbà yín ni àkọsílẹ̀: kí ẹ mọ gbogbo àfikún tó wà nílé yín, kí ẹ mọ ìdí tó fi wà, kí iye wọn sì kéré. Bí ìròyìn bá jáde pé àfikún báyìí ti bàjẹ́, ẹ máa wo ìwé yín, ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó kàn yín.

Ọ̀rọ̀ àmì orí lẹ́tà wa

Èyí kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Ṣé ẹ ti rí ìkànnì Yorùbá tí wọ́n kọ "?láy?mí" sí dípò Ọláyẹmí? Ẹ wò ó dáadáa: á àti í ò lọ síbì kankan, lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ nìkan ló sọnù. Àwọn tábìlì dátábéèsì àtijọ́ kan ló ń lo ètò lẹ́tà tó ń jẹ́ latin1, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Àwọn yẹn ní á, wọ́n ní í. Wọn ò ní ẹ, wọn ò ní ọ. Bí WordPress bá gbé ọ̀rọ̀ wa débẹ̀, dátábéèsì á fi àmì ìbéèrè rọ́pò ohun tí kò mọ̀, lẹ́tà wa á sì lọ gbére.

Ẹ lè fi àṣẹ yìí wò ó:

wp db query "SHOW TABLE STATUS"

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Collation sí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú utf8 tàbí utf8mb4, ara Ọláyẹmí le. Láti ẹ̀yà 4.2 ní 2015 ni WordPress ti ń lo utf8mb4 níbi tí dátábéèsì bá ti gbà á. Bó bá jẹ́ latin1, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó ṣe ẹ̀dà kó tó yí i padà. Ẹ má kàn yí ìlà kan nínú wp-config.php kí ẹ rò pé ó parí, ìyẹn lè tún bà á jẹ́ sí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí torí pé mo ti rí i tí àwọn ènìyàn wa fi àmì orí lẹ́tà sílẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ní "íntánẹ́ẹ̀tì ò gba Yorùbá." Íntánẹ́ẹ̀tì gbà á. Ìṣètò kan ni kò gbà á, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìṣètò náà wà.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi

Àwọn kan á ní, "Ṣebí WordPress ti lè fúnra rẹ̀ gba tuntun wọlé báyìí?" Òótọ́ ni. Láti ẹ̀yà 5.5, ní 2020, ẹ lè sọ fún àfikún kọ̀ọ̀kan pé kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Mo fara mọ́ ọn fún ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tó ń wo nǹkan lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n kò sọ fún yín ìdí tí àfikún náà fi wà níbẹ̀, kò sì sọ fún yín ohun tí ẹ máa ṣe bí tuntun bá da nǹkan rú lóru.

Àwọn mìíràn á ní, "Ìlà àṣẹ léwu." Mo gbà. Èyí ni àtakò tó lágbára jù, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Fèrèsé dúdú kì í sábà béèrè pé "ṣé ó dá ẹ lójú?" Wp db reset wà, òun á sì gbá gbogbo ohun tó wà nínú dátábéèsì dànù. Bí ẹ bá so ìkànnì ẹ̀ka London, Houston àti Toronto pọ̀, kí àṣẹ kan lè dé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àṣìṣe kan náà á dé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Ìdáhùn mi ni pé irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun léwu, ó sì fún wa ní ohun tí a lè fi dá ara wa dúró. Bí ẹ bá fi agbára root lò ó, ìyẹn agbára tó ju gbogbo agbára lọ lórí sáfà, á kígbe "YIKES!", kò sì ní ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹ bá tẹnu mọ́ ọn, torí pé àfikún burúkú kan lè gba gbogbo sáfà mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba tuntun wọlé, ẹ lè ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó máa ṣe fún yín láìṣe é:

wp plugin update --all --dry-run

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi. Kí ẹ sì tó ṣe ohunkóhun rárá, ẹ ṣe ẹ̀dà dátábéèsì. Mo máa kọ àṣẹ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń fi máòsì ṣe é náà lè ba nǹkan jẹ́, ohun tó yàtọ̀ ni pé òun kì í mọ ohun tí òun tẹ̀.

Àtakò kẹta: "Ilé iṣẹ́ tí a háyà sáfà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fún wa ní ìlà àṣẹ." Ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fúnni, pàápàá àwọn ètò olówó pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní SSH. Bí wọn ò bá ní, ẹ ronú nípa kíkó kúrò nígbà tí owó ọdún bá tún pé. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ fi bírò kọ àwọn àfikún yín sínú ìwé. Àkọsílẹ̀ tí kò pé sàn ju kò sí lọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì náà

Kò gùn. Ẹ ṣí fáìlì lásán kan, ẹ pè é ní orúkọ tó bá wù yín. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sínú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàyé ní Yorùbá lábẹ́ rẹ̀.

wp db export ~/eda.sql

"Ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, kí o sì fi í sínú àpò tèmi." Àmì ~/ yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ ò bá fi í síbẹ̀, ẹ̀dà náà lè bọ́ sáàárín àwọn fáìlì ìkànnì, níbi tí ará ìta ti lè gbé e. Orúkọ àti email gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ o.

wp plugin list --status=active --fields=name,version --format=csv > ~/afikun.csv

"Tò àwọn àfikún tó ń ṣiṣẹ́, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà, kí o kó wọn sínú fáìlì kan." Fáìlì yìí ṣí nínú Excel. Ẹ fi ìlà kẹta kún un fúnra yín: ìdí tí àfikún kọ̀ọ̀kan fi wà, àti ẹni tó ní ká gbé e wọlé.

wp plugin install ORUKO --version=NOMBA --activate

"Gbé àfikún báyìí wá, ẹ̀yà báyìí gan-an, kí o sì tan án." Pẹ̀lú èyí àti àtòkọ tó wà lókè, ẹnikẹ́ni lè to àwọn àfikún ọ̀fẹ́ padà bí wọ́n ṣe wà. Èyí tí ẹ bá fi owó rà, ẹ tọ́jú fáìlì rẹ̀ pa mọ́.

wp config shuffle-salts

"Pààrọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀." Gbogbo ẹni tó wà nínú ìkànnì á bọ́ síta, wọn á sì tún wọlé. Ẹ lò ó bí ẹnikẹ́ni tó ní ọ̀nà àtiwọlé bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba orúkọ rẹ̀ kúrò. Kì í ṣe torí pé a fura sí i. Bí akápò bá kúrò lórí oyè, ṣebí a máa ń pààrọ̀ orúkọ ní báńkì?

Àṣẹ kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi èsì rẹ̀ sórí WhatsApp láéláé: wp config list. Á kó gbogbo ìṣètò jáde, tó fi mọ́ password dátábéèsì. Bí ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun, ẹ bi í pé èwo gan-an ló fẹ́ mọ̀, kí ẹ sì fún un ní ìyẹn nìkan.

Ó ti tán. Ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n lè fi wákàtí kan jókòó ti ẹnìkejì, kí wọ́n jọ ṣe é. Ẹ fún ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ kejì náà, ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà ju Yorùbá lọ, kí ó sì kọ àlàyé lábẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, kí ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ bá a ṣàtúnṣe. Ó máa kọ́ èdè, àwọn náà á sì mọ ohun tó wà nínú ìkànnì ẹgbẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìbéèrè kan sínú ètò ìpàdé tó ń bọ̀: "Ta ni ẹnìkejì tó lè wọ sáfà wa, níbo sì ni àkọsílẹ̀ wà?" Bí gbogbo ilé bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí.

Bí ẹ bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìkànnì ẹgbẹ́, ẹ kọ̀wé sí wa ní Yorùbá tí ẹ bá gbọ́. A máa kà á. Ó dàbọ̀ ná.